Ìdajì Oògùn Táyé Tí Mo Fún Kẹ́hìndé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo pàdé nọ́ọ̀sì tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní ọjà Ẹ̀rúwà.

Ìbejì ni mo bí, n'Ígbó-Ọrà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n nígbà tí ọ̀kadà gbé Táyé ṣubú lójú ọ̀nà Ìdèrè. Orí ló fi gbalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni kò fi lajú nílé ìwòsàn. Rọ́bà tí wọ́n tì bọ̀ ọ́ nímú ni oúnjẹ ń gbà wọnú.

Dókítà ṣàlàyé pé bí àìsàn bá le tó báyẹn, ikùn lè dá egbò, kí ó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ó kọ oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí mo pàdé lọ́jà yìí ló ń pò ó mọ́ omi láràárọ̀. Nítorí pé aláìsàn pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa dà á sí rọ́bà. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, gbogbo rẹ̀ o."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nínú ilé wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ń ṣàìsàn, àwọn méjèèjì là ń fún lóògùn, kí èkejì má baà tẹ̀ lé e. Kẹ́hìndé wà lọ́dọ̀ àbúrò mi nítòsí ilé ìwòsàn. Mo ń da ìdajì fún Táyé, mo ń rọ ìdajì sínú ìgò lọ fún Kẹ́hìndé. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má pàdánù àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Táyé yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà. Ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n sáré fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.

Dókítà bi nọ́ọ̀sì náà pé, "Sístà, ṣé ọmọ yìí ń gba oògùn rẹ̀ pé?"

"Ó ń gbà á, sà."

Dókítà kọjú sí mi. "Ìyá Ìbejì, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Èmi ò mọ̀ o. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n mọ̀."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Kò lè sọ pé òun gbé iṣẹ́ òun lé mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú un kúrò ní wọ́ọ̀dù náà.

Táyé yè. Dókítà mìíràn sọ fún mi nígbà tó yá pé ẹni tó lo oògùn náà pé pàápàá lè ṣẹ̀jẹ̀. N kò mọ̀ bóyá èmi ni mo fà á. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn, èmi ni mo pa á.

L'Ẹ́rúwà, nọ́ọ̀sì náà dì mọ́ mi. "Ìyá Ìbejì! Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Wọ́n á ti ga jù yín lọ!" A rẹ́rìn-ín. Ó júwe ilé rẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀: "Mo ṣì máa ń bi ara mi bóyá n kò ṣàlàyé oògùn yẹn yé yín dáadáa."

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo yára gun ọ̀kadà.

Mo fẹ́ lọ bá a. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ nígbà tó bá ṣílẹ̀kùn?