Mo Ní Bàbá Mi Ò Gbà

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ̀rù ń bà mí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọkàn mi kò balẹ̀. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, èmi á kọ́kọ́ yọjú ní fèrèsé. Bí fóònù bá dún, mo máa ń sáré wò ó bóyá Ráfíátù ọ̀rẹ́ mi ni, bí mo bá sì rí i pé òun kọ́, mi ò mọ̀ bóyá inú mi dùn ni àbí ó bàjẹ́. Èmi tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ẹni tí kì í gba ìrẹ́jẹ, tí mo lè bá ọlọ́kadà fa ọ̀rọ̀ láti Ipele dé Ọ̀wọ̀ nítorí pé ó rẹ́ ìyá arúgbó kan jẹ, èmi náà ni mo wá di ẹni tó ń sá fún ojú bàbá rẹ̀ nínú ilé. Irọ́ kan ni mo pa. Kò ju gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n ó ti dúró sáàárín àwọn èèyàn méjì tí mo fẹ́ràn jù.

Olùkọ́ ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan l'Ọ̀wọ̀ níbí, ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ wọn. Ráfíátù, tí a ń pè ní Ráfíà, ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń bára wa bọ̀. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wọn wà láàárín ìlú. Bàbá tèmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì wà lára àwọn àgbà ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Ráfíà kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé wa. Bàbá mi á ní, "Ìyàwó mi dé." Òun náà á ní, "Ọkọ mi, ọdún wo lẹ máa wá san owó orí mi? Ilé ń retí yín o." Bàbá mi á ní, "Kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún iyán tí kò ní kókó ná." Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi ẹ̀rín jẹun.

Ọdún yìí ni èmi àti Ráfíà gbé àbá kan lọ bá ọ̀gá wa, pé kí a ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ìjọba Jámánì ṣe pa ọ̀kẹ́ àìmọye àwọn Júù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kí a sì tibẹ̀ kọ́ wọn bí ẹlẹ́sìn kan ṣe lè bá ẹlẹ́sìn kejì gbé láìfura síra wọn. A ó kó wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí, a ó kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á jókòó, wọn á béèrè ohun tó bá wù wọ́n. Ẹ mọ ohun tí ojú ìlú wa rí lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn pa àwọn olùjọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Títí di òní, àwọn kan wà tí wọn kì í jókòó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé ìdí nìyẹn gan-an tí ẹ̀kọ́ náà fi yẹ wá. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn náà ni ti àwọn aládùúgbò tó fi àwọn Júù pamọ́ sí òkè àjà àti abẹ́ ilé, tí wọ́n sì mọ̀ pé bí àṣírí bá tú, ikú ni. Mo wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ bá aládùúgbò kan tí ẹ̀sìn wọn kò papọ̀, kó bi í pé: "Bí wọ́n bá ń wá mi láti pa mí, ṣé ẹ máa fi mí pamọ́?"

Ráfíà wò mí títí. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe l'Ọ̀wọ̀ yìí. Bí o bá bi àgbàlagbà ní irú èyí, kò ní dá ẹ lóhùn. Á bi ẹ́ pé kí lo gbọ́." Mo ní irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ló so wá mọ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, olóòótọ́ ayé. Jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọkọ mi dán an wò."

A bá bàbá mi lábẹ́ ìbòòji níta, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, nítorí ìyá mi ti lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú ọmọ tuntun l'Àkúrẹ́. Ráfíà ní, "Ọkọ mi, ta ló sọ yín di ọmọ ọ̀dọ̀ báyìí?" Wọ́n ní ìyàwó tó mọṣẹ́ ilé ni àwọn ò ní. Ó wá kúnlẹ̀, ó ń bá wọn bó o, ẹ̀rín ló sì fi béèrè ìbéèrè náà. Ọwọ́ bàbá mi dúró. Èdè Ọ̀wọ̀ wa ni wọ́n fi bi í, bí wọ́n ti í ṣe tí ọ̀rọ̀ bá wúwo: ta ló ń wá a, kí ló gbọ́? Ó ní kò sí ẹnì kankan, pé ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n gbé àwo ẹ̀gúsí wọn, wọ́n wọlé. Wọn ò dáhùn. Ráfíà fi ṣàwàdà pé ọkọ òun ti bínú, ṣùgbọ́n kò dúró jẹun lọ́jọ́ náà.

Ṣé kò yẹ kí ojú mi là níbẹ̀? Mo ṣì ní kí a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ náà. Wákàtí Ráfíà ló bọ́ sí, òun ló kéde rẹ̀ fún wọn.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ Mùsùlùmí kan lọ bi ìyá ìjọ kan, ìyá yẹn kò dá a lóhùn, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé àwọn Mùsùlùmí ti ń wá ibi tí wọ́n máa sá pamọ́ sí, wọ́n ti gbọ́ nǹkan. Ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kan lọ bi káfíńtà kan lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, onítọ̀hún ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó ní àwọn Kìrìsìtẹ́nì fẹ́ gbẹ̀san. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí aràn, á sá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn kan ti ń di ẹrù lọ sí Ipele. Ibi tí àhesọ náà wá yọrí sí ni pé olùkọ́bìnrin Mùsùlùmí kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló fi ìbéèrè náà sí àwọn ọmọ lẹ́nu, pé ó mọ ohun tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan lọ ń gbá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bàbá Ráfíà, pé kí ọmọ rẹ̀ jáde wá sọ ohun tó mọ̀.

Ìgbà náà ló pè mí. "Mo wà lẹ́yìn ilé-epo. Bàbá mi ní kí n má padà sílé lónìí. Ṣé mo lè wá sùn sílé yín?" Láti ibi tí mo dúró sí, mo ń rí bàbá mi ní pálọ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń gbọ́ rédíò. Mi ò lọ bá wọn. Ohun tí mo ń rò ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn lẹ́nu géètì wa, àti ẹnì kan láàárín wọn tó máa gbọ́ pé èmi gan-an ni mo dá ìbéèrè náà sílẹ̀. Mo ní, "Ráfíà, mo ti bi bàbá mi. Wọ́n ní àwọn ò gbà."

Ó ní, "Ó dáa. Bá mi kí wọn."

Ọ̀kadà ló gùn lọ sí Ute, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, lójú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa kì í gbà mọ́ tí oòrùn bá ti wọ̀, nítorí àwọn ajínigbé. Ọlọ́run ló mú un débẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá bàbá mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ti kó àwọn àpò kòkó kúrò, wọ́n ti tẹ́ ẹní. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa Ráfíà nílùú. Pè é kó máa bọ̀. Yàrá yìí ò kọjú sí títì. Láti ọjọ́ tó ti bi mí ni mo ti ń rò ó. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í fi ẹnu lásán dáhùn rẹ̀." Mo ní ó ti rìnrìn àjò. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àlùfáà àti lèmọ́mù là á yé àwọn èèyàn pé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni, ìlú sì rọlẹ̀. Wọn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n Ráfíà kò tíì padà, kò sì gbé ìpè mi, kò gbé ti bàbá mi. Bàbá mi gbé iṣu lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Bàbá Ráfíà gba iṣu náà, wọ́n dúpẹ́, wọn ò sì fún bàbá mi ní àga. Bàbá mi padà wálé, wọ́n ní, "Mo ṣẹ ọmọ yẹn. Ó yẹ kí n ti dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn." Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ rò ó wò, kí ni ọmọ tó bá gbọ́ irú èyí lẹ́nu bàbá rẹ̀ máa ṣe? Mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá wa ti sún ètò náà sí oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó fi aládùúgbò wọn pamọ́, pé èmi ni mo mọ ìtàn náà jù. Mo ti dé páàkì lẹ́ẹ̀kan láti lọ sí Ute, mo sì ti padà sílé. Bí mo bá sọ òótọ́ fún Ráfíà, á mọ̀ pé èmi tí mo ń pariwo ìdọ́gba ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Bí mo bá sọ fún bàbá mi, wọ́n á mọ irú ẹni tí wọ́n bí. Bí mo bá sì dákẹ́, irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Orúnkún ló ń dun bàbá mi lọ́wọ́lọ́wọ́. Wọ́n ní bó bá ti fúyẹ́ díẹ̀, kí n mú àwọn lọ sí Ute, kí àwọn lọ bẹ Ráfíà. Wọ́n tún ní kí n bá àwọn wá ọ̀rọ̀ tí àwọn máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ọjọ́ orí yín ju tèmi lọ, nínú ọkọ̀ yẹn, ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún: ẹni tó máa jókòó tì mí ni, àbí ẹni tí a ń lọ bá? Bàbá mi ti ń tẹ orúnkún náà wò láràárọ̀, wọ́n ní ó ti ń san.