Ìyẹ̀fun Ẹnu Ilẹ̀kùn Yín

Ẹ má tíì ki ẹsẹ̀ bọ bàtà yẹn, ọkọ mi. Ẹ dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi. Ìyẹ̀fun ni. Èmi ni mo wọ́n ọn lálẹ́ àná láti ẹsẹ̀ ibùsùn ìyá yín títí dé ẹnu ilẹ̀kùn yín yìí, mo wọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń fi àtíkè pa ọmọ tuntun lára, nítorí ó sú mi láti máa bi ènìyàn léèrè. Ṣé ẹ rí ipa ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ wọ̀nyí? Ẹ rí ibi tí ìrù ti wọ́ kọjá láàárín wọn? Ibo ni wọ́n ti ń bọ̀, ibo ni wọ́n sì padà sí? Abẹ́ ilẹ̀kùn yín ni, Agùntáṣọọ́lò. Abẹ́ ilẹ̀kùn yín, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ẹ ń wo aago? Ẹ máa wò ó. Ọ̀gá tí ẹ ń bá ta oúnjẹ adìyẹ á dúró dè yín lónìí. Ìyá tó bí yín ló na ẹsẹ̀ sórí àpótí nínú yàrá lọ́hùn-ún, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, kò sì mọ̀. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ náà kú mọ́ ọn lára. Èkúté jẹ ẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún jẹ ẹ́, Màmá sì ń sùn. Èmi tí mo ṣí aṣọ ìbora láàárọ̀ yìí ni mo rí ẹ̀jẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo ní kò sí nǹkan, Màmá. Ọlọ́run ló mọ ibi tí mo ti rí ohùn tí mo fi dáhùn. Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí olùtọ́jú tó ń wẹ egbò fún un sọ lójú gbogbo wa? Ó ní bí egbò mìíràn bá tún dé orí ẹsẹ̀ yẹn, gígé ni wọn yóò gé e.

Ṣebí gbogbo wa la jọ jókòó ní gbọ̀ngán. Ẹ̀gbọ́n yín tó fẹ́ mi ló là á yé wa pé a kì í lé èkúté ní yàrá kọ̀ọ̀kan, pé bí a bá lé e níhìn-ín, yàrá kejì ni yóò kó ẹrù lọ, àfi kí gbogbo ilé dìde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ Ìlékujáde la sọ ọ́, ẹ tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí orúkọ náà. A fi kànrìnkàn onírin dí ihò, a fi sìmẹ́ǹtì bò ó, a dẹ pàkúté, a tẹ́ àtè sẹ́sẹ̀ ògiri. Aránṣọ tó gba yàrá ẹ̀yìn kó gbogbo àjákù aṣọ rẹ̀ dànù. Ẹ̀gbọ́n yín, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé ìròyìn àtijọ́ rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló rù ú jáde. Ẹ̀yin wá dúró síbi tí ẹ dúró sí yìí gan-an, ẹ ní ẹ ti ṣe tiyín, ẹ ní àwọn àpò oúnjẹ adìyẹ tí ẹ kó sí yàrá yín ti padà sí ìsọ̀.

Nígbà tí èkúté kò sì lọ, kí lẹ wí? Ẹ ní ẹ̀rún búrẹ́dì Màmá ló ń pè wọ́n.

Ègé búrẹ́dì kan ṣoṣo tí dókítà fi sílẹ̀ fún un lójúmọ́! Tó máa ń bù ú wẹ́wẹ́ lórí ibùsùn bí oòrùn bá ń wọ̀, tí yóò máa jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán. Nítorí ọ̀rọ̀ yín, ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó ní bó bá jẹ́ òun ni, kí a má bínú. Ìyá àgbà ń bẹ̀ mí nítorí ẹ̀rún! Ẹ sì wà níbẹ̀, ẹ gbọ́ ọ, ẹ ń ṣẹ́ èékánná yín.

Kí lẹ wí? Ẹ tún un wí. Àpò kan péré.

Àpò kan péré ló kù lábẹ́ ibùsùn. Ẹ ṣeun. Èkúté inú yàrá yín á ti sanra ju adìyẹ tí wọ́n lọ oúnjẹ náà fún. Wọ́n jẹun yó lọ́dọ̀ yín, wọ́n wá ń fi ẹsẹ̀ ìyá yín panu.

Bí ẹ bá dé nírọ̀lẹ́? Ìrọ̀lẹ́ kọ́ ni wọ́n ń jáde? Ẹ kó ọwọ́ yín kúrò lára ilẹ̀kùn yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó ilé ni mí, n kò sọ pé èmi kọ́. Ìyàwó ilé ló ń di egbò, ìyàwó ilé ló ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, ìyàwó ilé náà ló ń béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá yín.

Ẹ gbọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, n kò pe orúkọ yín rí. Mo jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo bá yín nílé; mo wo bí ẹ ṣe ga tí aṣọ ń yẹ yín, mo sọ yín ní Agùntáṣọọ́lò, gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu mi. Bí ẹ kò bá fi kọ́kọ́rọ́ yẹn lé mi lọ́wọ́ nísinsìnyí, màá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, níbi tí Màmá yóò ti gbọ́ mi, màá pe orúkọ tí bàbá yín sọ yín, ketekete, láìfi ọkọ mi ṣáájú rẹ̀. Ó ti dé ètè mi o.

Ẹ ṣeun. Kọ́kọ́rọ́ ti dé ọwọ́ mi.

Rárá, èmi ni yóò wọ́ àpò náà jáde, mo mọ ibi tí mo fi sìmẹ́ǹtì sí. Ẹ̀yin ẹ lọ ra búrẹ́dì wá. Ẹ bù ú wẹ́wẹ́ bó ṣe máa ń ṣe é, ẹ fi lé e lọ́wọ́ fúnra yín, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì wí fún un pé ẹ̀rún rẹ̀ kọ́. Bí ẹ bá wí i tán, ẹ wá bá mi níhìn-ín, mo lè tún pè yín ní Agùntáṣọọ́lò.

Títí dìgbà náà, n kò mọ ohun tí mò ń pè yín.