Ohùn Ìyá Jẹ́jẹ́

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa fi bá a. Tèmi ò tíì pé ogún. Ọdún mọ́kànlá ni, ó sì ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yin tí ẹ ra àwo orin híp-họ́ọ̀pù wa àkọ́kọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lójú títì kí ẹ lè ka orin kẹrin inú rẹ̀ sí mi létí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Èmi kọ́ ni mo kọ “Abẹ́rẹ́”. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, bóyá ǹ bá gbé e wọ sàréè. Èyí tó burú jù ú lọ ṣì ń bọ̀ níwájú.

Àwa mẹ́ta la wà nínú ẹgbẹ́ náà: èmi tí mò ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, àbúrò mi obìnrin tó ń gbe orin, àti Jẹ́jẹ́. A fún un lórúkọ yẹn nítorí bó bá ń kí ọ lásán, o lè lọ mumi kó o padà dé kó tó parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dúró níwájú máìkì! Ọ̀rọ̀ á máa tú jáde wàràwàrà, kò ní kọsẹ̀. Kò sì kọ ọ̀kankan sínú ìwé rí. Ohun tó bá ti wà lórí rẹ̀ ló máa sọ sínú kọ̀ǹpútà, a ó wá jọ tún un ṣe. Kò sí ẹ̀rí míì pé òun ló ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ àfi ohùn yẹn, ọwọ́ mi ni ohùn náà sì wà.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ la ti ń gba ohùn sílẹ̀. Télọ̀ ni màmá. Wọ́n yọ̀ǹda yàrá tí wọ́n ń kó àjákù aṣọ sí fún wa, a fi tìmùtìmù àtijọ́ bo ògiri. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn nìkan ni wàhálà wa. Bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi á yọrí síta: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá ẹ̀rọ dúró díẹ̀.” Wọn á dá a dúró, wọn á máa kùn: “Tí oníbàárà bá dé, ẹ̀yin lẹ máa fi orin ràn án láṣọ o.” Oṣù mẹ́jọ la fi ṣe àwo yẹn, láàárín aṣọ kan sí èkejì.

“Abẹ́rẹ́” jẹ́ orin nípa bí màmá ṣe dá nìkan tọ́ Jẹ́jẹ́ dàgbà. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, kò tíì parí dáadáa tí màmá fi ṣílẹ̀kùn wọlé. Wọn ò mọ̀ pé máìkì ń gbọ́ àwọn. “Ìwọ ọmọ yìí, o tún ti já bọ́tìnnì ẹ. Ṣé jíjẹ lò ń jẹ ẹ́ ni? Bọ́ ẹ̀wù yẹn wá.” Wọ́n gba ẹ̀wù náà, wọ́n wá ní, “Mo gbọ́ ohun tí o sọ yẹn o. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, ọmọ mi.” Kò tó ìṣẹ́jú kan. A gbà pé kò sẹ́ni tó máa yọ ohùn màmá yẹn kúrò lẹ́yìn orin náà.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àìsàn gbé màmá dè. Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù ní ìlú míì, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n lò níbẹ̀. Àárín ìgbà yẹn ni ọkùnrin tó fẹ́ gbé àwo wa jáde wá gbọ́ iṣẹ́ wa. Nígbà tó gbọ́ “Abẹ́rẹ́”, ó ṣí fìlà. “Ta ló kọ èyí?” Mo ní, “Èmi ni. Mo kàn ní kí Jẹ́jẹ́ bá mi sọ ọ́ ni.” Ó ní, “Ẹni tó kọ ọ́ ni kó sọ ọ́.” Ìlara ni, mi ò ní fi aṣọ bò ó. Láti kékeré ni mo ti ń kọ orin, kò sì sẹ́ni tó ṣí fìlà fún mi rí. Mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi, mo da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo yọ ohùn màmá kúrò, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ dé, mo ní kọ̀ǹpútà bà jẹ́, pé gbogbo ohùn “Abẹ́rẹ́” ló lọ, pé èyí tí mo rántí ni mo fi gba orin náà là. Ó wò mí títí. “O ṣeun tí o rántí,” ló sọ.

Àwo náà jáde, ayé gbà á. Àwọn awakọ̀ ń kọ “Abẹ́rẹ́”, àwọn ọmọ iléèwé ń kà á. Oníwèé ìròyìn kan kọ ọ́ pé àwọn orin yòókù ò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ẹ̀kẹrin yìí mọ ìyá ẹ̀ dénú egungun. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ojú ò tì mí. Lórí ìtàgé, ẹ̀yìn mi ni Jẹ́jẹ́ ń dúró sí, ó ń bá mi gbe ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí àwo jáde ni màmá kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, Jẹ́jẹ́ wá bá mi. “Kì í ṣe ti orin ni mo bá wá. Ohùn màmá mi yẹn, ti bọ́tìnnì yẹn. Mi ò ní òmíràn. Jọ̀ọ́, bá mi wá inú kọ̀ǹpútà yẹn wò, bóyá ó ṣẹ́kù díẹ̀.” Ó wà níbẹ̀ lódindi, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n ohùn Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló wà níwájú ti màmá; tí mo bá fún un, irọ́ mi tú. Àbúrò mi mọ̀ pé ohùn náà ò sọnù. Ó kúnlẹ̀ fún mi: “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fún un. Kó bínú sí yín, yóò tán nínú ẹ̀. Ẹ má pa ìyá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.” Kí n sì gé ti màmá nìkan fún un ńkọ́? Ẹ̀rù bà mí pé yóò béèrè ìyókù. Ọ̀sán gangan ni mo pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá lọ sọ fún Jẹ́jẹ́ pé mo wá a títí, mi ò rí i. Ó dì mọ́ mi. “O gbìyànjú,” ló ní. Kò tún kọrin mọ́ láti ọjọ́ náà. Àbúrò mi náà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá ni mo sin ìyá tèmi. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí ohùn wọn nínú fóònù mi, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọrin, ẹ má jẹ́ kí ìyìn wù yín tó bẹ́ẹ̀. Orin tí ẹ jí, ẹ lè jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣeé dá padà.

Mo lọ bá Jẹ́jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti di tíṣà. Inú kíláàsì ni mo bá a, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó ń yí bírò lọ́wọ́. Ó wá béèrè, jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, “Ìwọ lo gbọ́ ohùn yẹn gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n ń mú ẹ̀wù mi jáde lọ, ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín? Mi ò rántí mọ́.” Mo ní wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Báwo ni wọ́n ṣe rín in?” Mo lanu kí n fi hàn án, ẹ̀rín ara mi ló jáde, kì í ṣe tiwọn. Ó ṣì ń wo ẹnu mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.