Ẹ Padà Wá Lọ́la

Ẹjọ́ ikú ni wọ́n dá fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún mi, mi ò sì bá a jiyàn, nítorí ẹnu mi ni mo fi pa ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Inú yàrá ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń kọ èyí sí yín, ẹ̀yin tí ẹ ń wo fóònù láàárọ̀ kí ẹ tó bọ́jú.

Ọmọ Odògbolú ni mí. Nígbà tí mi ò ríṣẹ́, mo ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké polówó ọjà lórí Fesibúùkù. Màmá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìníyàá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní kí n máa bá òun fi ìròyìn ilé náà síta kí àwọn aláàánú lè mọ̀ wọ́n.

Mo fẹ́ràn ilé yẹn. Bùsọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́fà, kì í jẹ́ kí n wọlé tán kó tó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Àwòrán rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ yà, ẹ̀rín ló ń rín, eyín iwájú méjì ti bọ́. Ẹni mẹ́ta péré ló dá wa lóhùn, èmi fúnra mi sì wà nínú wọn.

Ibẹ̀ ni ìdánwò ti dé. Mo fi omi kan Bùsọ́lá lẹ́rẹ̀kẹ́ bí omijé, mo ní, "Má rẹ́rìn-ín."

"Kí ló dé, Bùọ̀dá?"

"Bí o bá rẹ́rìn-ín, wọn ò ní wò wá."

Ó panu dé, mo yà á, mo sì gbé àwòrán náà síta. Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn ti ń gbé aṣọ àti oúnjẹ wá. Màmá Tíṣà ṣàdúrà fún mi títí ojú fi ń tì mí, àmọ́ mi ò sọ fún un pé omi ni.

Láti ìgbà náà, mo kọ́ ọgbọ́n kan: kí n sọ ìdajì ìtàn lónìí, kí wọ́n lè padà wá gbọ́ ìyókù lọ́la.

Bàbá Múfú, tó ń ta gàrí ní Ayépé, a máa gbé gàrí wá fún àwọn ọmọ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ibà mú Bùsọ́lá, kò sì sí ọkọ̀. Bàbá pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ìyá, ó gbé e lọ sí ọsibítù. Mo yà wọ́n, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé: "Ta ni ọkùnrin yìí? Ibo ló ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ? Ẹ padà wá lọ́la." Ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ sọ pé aláàánú wa ni. Ó dùn mọ́ mi nínú bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́.

Kó tó di ọ̀sán, Bàbá Múfú ti di gbọ́mọgbọ́mọ lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n dá a dúró bó ṣe ń bọ̀ láti ọsibítù. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, wọ́n ti já ọmọ gbà lẹ́yìn rẹ̀, igi sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan dá mi mọ̀.

"Ìwọ lo gbé àwòrán yẹn síta. Ṣé òun nìyí?"

Bàbá Múfú rí mi, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Ọmọ mi, bá mi ṣàlàyé fún wọn."

Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá sọ òótọ́, èmi ni wọn yóò dojú kọ, gbogbo ayé yóò sì mọ̀ pé mo ń tan wọ́n jẹ. Mo ní, "Òun ni."

Bàbá wò mí, kò bẹ̀ mí mọ́. Bùsọ́lá ń sunkún, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe omi tí mo fi kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́.

Adájọ́ ní èmi tí mo tọ́ka sí i fún wọn kò yàtọ̀ sí àwọn tó fi igi lù ú pa.

Màmá Tíṣà wá wò mí lóṣù tó kọjá. Mo rò pé yóò bú mi. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Mo bú sẹ́kún. Ó mú àwòrán kan jáde nínú báàgì rẹ̀, Bùsọ́lá tó ń rẹ́rìn-ín, eyín méjì bọ́.

"Òun ló ní kí n gbé e fún ọ. Ó ní kí n bi ọ́, ṣé òun lè rẹ́rìn-ín báyìí?"

Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún un pé kó máa rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá àwọn èèyàn polówó, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bíi tèmi. Bí ẹ̀rín ni ẹ bá rí, ẹ̀rín ni kí ẹ gbé síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni mẹ́ta ni yóò wò ó. Ẹ sọ ìtàn yín tán lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Bàbá Múfú kò rí ọ̀la yẹn.