Òróró Inú Dísíkẹ́ẹ̀tì

Èmi kì í tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Mọ́níyà kò tètè kún lọ́jọ́ náà, ìyá kan tó wọ aṣọ funfun ìjọ aládùúrà àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì jókòó síwájú mi gan-an.

"Màámi, ta ló ní kí ẹ kán òróró sínú dísíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà mi?"

"Ìwọ lo sọ pé inú rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ wà. Mo ṣí irin pẹlẹbẹ ẹnu rẹ̀, mo kán an sí i, mo gbàdúrà."

"Díráfà káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló wà níbẹ̀. Òun ló máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ káàdì náà, kó lè bá àwọn yòókù ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá káàdì wá láti Èkó nìyẹn. Mo fi sẹ́nu ẹ̀rọ lánàá, ó kàn ń ha ni, kò rí nǹkan kan kà. Ọ̀gá sì ti ní bí kò bá ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán òní, òun máa gba ẹlòmíràn síṣẹ́."

"Ìdí tí mo fi ń bá ọ lọ nìyẹn. N ó bẹ ọ̀gá rẹ."

"Kí lẹ fẹ́ wí? Pé ẹ ti ya díráfà sí mímọ́?"

Àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Èmi fọwọ́ bo ẹnu.

"Òróró náà kò pọ̀," ni ìyá náà wí.

Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ìyá tún sọ ọ́, ojú fèrèsé ló kọjú sí: "Kò pọ̀ rárá. Èyí tó ṣẹ́ kù tí mo fi ń pa orókùn mi ni."