Ọṣẹ Dúdú Tí Mo Fi Dí Irin

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí lọ́yà mi kọ sí ìjọba ti padà dé lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, rárá sì ni èsì rẹ̀. Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ ló kà á fún mi, ó rọra ń kà á bí ẹni ń fún ọmọ jòjòló ní ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo sọ fún un pé òtútù ni, bẹ́ẹ̀ oòrùn ọjọ́ náà lè yan ẹ̀pà. Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ìwé yìí, ẹ tètè mọ̀ pé ojo ni mí, àti pé ojo yìí ló pa ènìyàn.

Ọmọ Kàbbà ni mí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, nítorí náà ẹ foríjì mí níbi tí kálámù mi bá ti ṣìnà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa tún egungun abẹ́ píkọ́ọ̀pù ṣe. Ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò gbó ni àwọn ènìyàn wa ń rà, wọn a kó kọfí àti iṣu sí i lẹ́yìn títí ìdí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, wọn a sì máa sá a lórí ọ̀nà Ìjùmú tó rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Nígbà tó bá yá, irin gígùn méjì tó gbé ọkọ̀ ró, tí a ń pè ní ṣáásì, á sán.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn láti sọ. A ó fi kẹrosíìnì pa irin náà, a ó nù ún gbẹ, a ó wá fi ẹfun lílọ̀ kùn ún. Kẹrosíìnì tó sá pamọ́ sínú sísán á yọ jáde, á fa ìlà sára ẹfun. Ibi tí ìlà náà bá parí sí ni a ó lu ihò kékeré kan sí, kí sísán náà má baà lọ síwájú mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó jó o pọ̀, a ó sì fi irin pẹlẹbẹ tí a gé orí rẹ̀ ní ṣóńṣó lé e láti fún un lágbára. Ẹni tí yóò sì ṣe gbogbo èyí gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Abẹ́ ọkọ̀ ń bà mí lẹ́rù. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà yín láàyè. Bí mo bá ti tẹ orí bọ abẹ́ rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń mí sí mi lójú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ ní Kàbbà, àfi Ìbítóyè tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìkòyí ti Ìjùmú. Àbúrò ni ó jẹ́ sí mi nípa ọjọ́ orí, òun ló sì ń wọ abẹ́ ọkọ̀. Bí ó bá fẹ́ wọlé, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa gbàdúrà. Mò ń lọ kí wọn nísàlẹ̀." A ó sì rẹ́rìn-ín. Kò tú àṣírí mi fún ẹnì kan rí.

Ìyá Ìbítóyè kú, ó sì lọ sin ín ní Ìkòyí. Ọjọ́ kejì ni Dáúdà, dírẹ́bà ará Ìsánlú, gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Sísán tó gùn tó ìka mẹ́rin wà lára ṣáásì rẹ̀, mo rí i láti ẹ̀gbẹ́ láì wọ abẹ́.

"Ọ̀gá, ọ̀la ni ọjà. Ṣé yóò ṣeé ṣe?"

Ǹ bá ti sọ pé kó dúró de Ìbítóyè. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, "Kí ni kò ní ṣeé ṣe? Lọ jẹun kí o padà wá."

Mo po ọṣẹ dúdú mọ́ eérú, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ sínú sísán náà, mo sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún lórí. Ó dán. Dáúdà wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yín ò ní ká." Mo ṣe àmín. Ọkọ̀ náà lọ, ó bọ̀, kò já. Nígbà tí ọkọ̀ oníkọfí kan tí ṣáásì rẹ̀ sán dé lọ́jọ́ tí Ìbítóyè wà lóko, ọṣẹ ni mo tún na ọwọ́ sí. Irọ́ kejì kì í béèrè ọ̀nà.

Òjò ló tú mi fó. Oníkọfí padà wá nínú òjò lọ́sàn-án ọjọ́ kan nítorí bíréèkì. Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, mo fi gẹdú tì í, Ìbítóyè sì wọ abẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún ṣáásì yìí ṣe?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀? Ẹ jẹ́ kí n wo iṣẹ́ ìyanu." Mo gbọ́ tí ó ń fi èékánná ha nǹkan. "Ẹ̀gbọ́n! Irin yìí ń hó! Láti ìgbà wo ni irin ti ń hó bí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀?"

Mo ń fi àkísà nu ọwọ́ mi.

"Ọkọ̀ mìíràn wo ni ẹ tún fọ ṣáásì fún? Ẹ sọ ọ́, nítorí èmi á sọ fún gbogbo dírẹ́bà kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́. Mo rí gbogbo Kàbbà tí wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, alátùn-únṣe tí ń sá fún abẹ́ ọkọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ gbá gẹdú dànù, mo sì tú jáàkì sílẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ dẹ́rù bà á ni. Irọ́ ni. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù abẹ́ ọkọ̀ tó bí mo ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ mọ ohun tí ọkọ̀ lè ṣe fún ẹni tó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Àìná ìyàwó Ìbítóyè dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ oúnjẹ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rí ẹsẹ̀ mi.

Ní kóòtù, mo ní jáàkì ló yọ̀. Àìná sọ ohun tó rí. Adájọ́ gbà á gbọ́. Sísán ara ọkọ̀ oníkọfí, wọ́n rò pé ìgbà tó já lulẹ̀ ló sán, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nípa ọṣẹ. Lọ́yà mi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ó ní, "Ìwọ àti Ìbítóyè ò bá ara yín jà rí, èyí ló lè gbà ọ́. Má ṣe fi ẹnu ara rẹ fún wọn ní ìdí tí o fi pa á."

Mo dákẹ́. Ó rọrùn fún ojo láti dákẹ́.

Wọ́dà kan wà níhìn-ín, ọmọ Ifẹ̀-Olúkòtún, tí ó máa ń mú ìròyìn ilé wá fún mi. Ó ní, "Bàbá, opó yẹn ń gbìyànjú o. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń gbé gààrí lọ sí Ekinrin-Adde."

"Ta ni ń gbé e?"

"Dáúdà ni. Ó ní ọkọ̀ tí ẹ tún ṣe fún òun kò tíì kọsẹ̀."

Mo ti pa ọkọ, ọṣẹ mi sì ń gbé ìyàwó lọ sọ́jà. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀bẹ̀ mi yóò bàjẹ́, okùn ni. Bí mo bá dákẹ́, mo lè gbé Àìná sin tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, kí n sì máa jẹ ẹ̀wà ìjọba títí di ọjọ́ ogbó. Mo gbé e wò síhìn-ín, mo gbé e wò sọ́hùn-ún, ẹ má rò pé mo jẹ́ akọni, mo tilẹ̀ gbìyànjú láti rántí bóyá ọṣẹ náà ṣì lè dúró. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kí wọ́dà mú ìwé wá. Mo kọ ohun gbogbo, ọṣẹ, eérú, ìbẹ̀rù mi, orúkọ Dáúdà. Ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, èkejì lọ sọ́dọ̀ àwọn dírẹ́bà ní Kàbbà.

Lọ́yà gbá orí mú. "O ti pa ara rẹ."

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé," mo ní. "Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ Ajé ni ìjọba sọ rárá. Ní àná, wọ́n pè mí síta. Àìná ló jókòó lẹ́yìn irin. Mo kí i bí a ṣe ń kí ara wa nílé, "Okun o." Kò dáhùn.

"Wọ́n fi ẹfun kùn ún," ó ní. "Sísán náà ti gùn ju ọwọ́ mi lọ, láti ìka dé ìgúnpá. Dáúdà jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ti lu ihò sí i lẹ́nu, wọ́n jó o, wọ́n fi irin lé e."

"Orí irin náà, ṣé wọ́n gé e ní ṣóńṣó?"

Ó wò mí títí. "Wọ́n gé e ní ṣóńṣó. Ọkọ̀ náà ni mo wọ̀ wá síhìn-ín. Odindi ọjọ́ kan la fi rìn." Ó dìde, ó so ìborùn rẹ̀ le. "Mi ò tíì foríjì yín. Mi ò mọ̀ bóyá màá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wà láàyè, mo sì wà láàyè, mo ní kí n wá sọ fún yín." Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Okun."

Mo sùn lálẹ́ àná, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti gbá gẹdú yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Bí nǹkan kan bá ń bà yín lẹ́rù nínú iṣẹ́ yín, ẹ tètè sọ ọ́ síta, kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í pa ènìyàn. Bí ẹ bá sì ti purọ́ kan, ẹ lu ihò sí i lẹ́nu níbi tó dé, kó dúró níbẹ̀. Ó ṣeé dá dúró. Mo pẹ́ kí n tó ṣe é, síbẹ̀ ọkọ̀ kan ṣì ń sáré lọ sí Ekinrin-Adde lónìí pẹ̀lú ènìyàn nínú rẹ̀.

Bí ọjọ́ tèmi bá dé, ẹsẹ̀ mi á tún gbọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní sọ pé òtútù ni.