Ohùn Mi Lọ, Iṣẹ́ Mẹ́ta Sì Ń Dúró De Ìdáhùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè fún Ọba tó ń gbọ́ àdúrà. Bàbá, ẹ ṣé o! Ẹ ṣé, Olúwa! Mo kí Wòlíì wa, mo kí ẹ̀yin ìyá àti bàbá ìjọ, ẹ̀yin youth náà, mo kí yín. Orúkọ mi ni Sister Dúpẹ́, ṣùgbọ́n Coach ni ọ̀pọ̀ yín ń pè mí. Becontree, ní London níbí, ni èmi, ọkọ mi àti Tiwa ọmọ wa ń gbé. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Olúwa pé bí ó bá jẹ́ kí n tún fi ẹnu ara mi sọ̀rọ̀, níbí yìí ni n ó ti ròyìn, n ò sì ní fi nǹkan kan pamọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, họ́kì ni mo ń kọ́ àwọn obìnrin. Kì í ṣe ti orí yìnyín o! Ti orí pápá ni, tí a máa ń fi ọ̀pá tó tẹ̀ lórí gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti kọ́ ọ, nílé ìwé àwọn ọmọbìnrin, mo sì bá a dé London. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Nínú kíláàbù tí mo ti ń ṣe coach tẹ́lẹ̀, a gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún méjì léra wọn. Ọlọ́run ló ṣe é. Nígbà tí contract mi wá ń parí, ibi mẹ́ta ló ń pè mí. Ọ̀kan wà ní Holland, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn họ́kì gan-an. Ọ̀kan wà ní ilẹ̀ Asia lọ́hùn-ún. Ẹ̀kẹta jẹ́ kíláàbù kékeré kan lápá àríwá England níbí, tí wọn ò tíì ní pápá tiwọn, pápá ilé ìwé kan ni wọ́n ń yá lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Holland ni ọkàn mi wà. Mo ti ń wo àwòrán ilé tí a máa gbé lórí fóònù. N ò bi Ọlọ́run pé níbo ni kí n lọ. "Olúwa, bá mi fọwọ́ sí Holland" ni àdúrà tèmi. Ọkọ mi, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, sọ pé ibi tí mo bá ní ká lọ ni a ó lọ. Tiwa ní tirẹ̀ ní òun ò lọ sí ibì kankan àfi tí òun bá ṣe ìdánwò GCSE òun tán nílé ìwé.

Àárín ìyẹn ni ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Mo rò pé ariwo tí mò ń pa lórí pápá ni. Mo mu atalẹ̀ àti oyin, mo jẹ orógbó, kò gbọ́. Saturday kan, mo fẹ́ ra iṣu ní Heathway ládùúgbò wa, mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Obìnrin tó ń ta iṣu wò mí, ó ní, "Aunty, ṣé kò sí o?" Mo rẹ́rìn-ín, mo fi ọwọ́ tọ́ka sí iṣu. Nígbà tí mo dé inú mọ́tò ni mo tó sunkún.

GP, dókítà àdúgbò wa, rán mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba imú mi wọlé. Dókítà ní nǹkan kan hù sí ọ̀nà ọ̀fun mi, níbi tí ohùn ti ń jáde, pé àwọn máa gé e, àwọn á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ni. Jẹjẹrẹ! Ọkọ mi nìkan ni mo jẹ́ kó mọ̀. Tiwa ń múra ìdánwò, mo fi pa mọ́ fún un.

Ọjọ́ kejì ni contract Holland dé. Wọ́n béèrè nínú rẹ̀ bóyá mo ní àìsàn kankan. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí agent mi tó ń bá mi wá iṣẹ́, ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi ni. Ó fèsì kíá: "Coach, abeg, sign first. Ta ló máa mọ̀?" Mo mú bírò, mo tún gbé e sílẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Wednesday, èmi àti Tiwa wá sí àdúrà. Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá Màmá Àdúrà níbi tí wọ́n jókòó sí yẹn. Màmá, ẹ má bínú, n ó sọ ọ́ o. Nítorí pé n ò lè sọ̀rọ̀, mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ohun tí dókítà rí, ohun tí agent sọ, pé kí Màmá bá mi bi Ọlọ́run bóyá kí n fọwọ́ sí i. Màmá gba ìwé, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Wọn ò mú awò ojú wọn dání. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti nà án sí Tiwa: "Ọmọ mi, wá bá mi kà á."

Mo na ọwọ́ kí n já a gbà. Ọwọ́ mi ò tó o, n ò sì ní ohùn tí mo lè fi sọ pé rárá. Tiwa ń kà á lọ. Ó dédé dúró.

"Mummy, you've got a what? Since when?"

Ó gbá mi mọ́ra, ó sunkún títí sùtánà mi fi rin.

Màmá dúró kí ó sunkún tán. Wọ́n wá ní, "Dúpẹ́, mi ò rí ìran kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní parọ́ fún ọ pé mo rí i. Ṣùgbọ́n ṣó o rí ọmọ yìí? Kì í ṣe àìsàn rẹ nìkan ló ń dùn ún. O fi pa mọ́ fún un ni. Àwọn tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ náà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa mọ̀." Wọ́n fi òróró pa mí lọ́fun, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúnlẹ̀.

Tiwa ló bá mi tẹ ẹ́mèèlì nígbà tí a délé. A sọ òótọ́ fún ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Asia ò fèsì títí dòní. Holland fèsì lọ́jọ́ kẹrin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n sọ pé àwọn ti rí ẹlòmíràn. Ó dùn mí o, n ò ní purọ́. Àwọn ará àríwá ò tilẹ̀ kọ̀wé. Alága wọn, ìyá òyìnbó kan, ló pè, ọkọ mi sì gbé fóònù sí speaker. Ó béèrè ọjọ́ operation, ó ní kí a dúró kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní, "Tell her we can wait. Has she got a whistle?" Yéè! Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Kò ní ohùn, àmọ́ èjìká mi ń gbọ̀n.

Wọ́n ṣe operation. Ẹ̀yin ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún mi, ẹ kú àdúrótì o. Dókítà ní n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé, èsì dé: kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ o! Ọkọ mi kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tún ní kí Tiwa kà á. Mo ti pinnu pé orin ìyìn ni n ó fi la ẹnu. Àṣé mò ń tan ara mi. Ọjọ́ pé, mo wọ kíṣìnnì, èéfín ń rú, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Tiwa! Ìrẹsì ń jó!" Àwọn méjèèjì sáré wọlé, a dì mọ́ra, a ń fò sókè. Kò sẹ́ni tó rántí pa iná ìrẹsì.

Ìgbà tí a rò pé ọ̀rọ̀ ti tán ni Holland tún pè. Ẹni tí wọ́n mú ti yẹ àdéhùn. Bí ara mi bá ti dá, kí n máa bọ̀. Ẹ̀yin ará, ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ló wá bá mi nílé yìí! N ò bínú sí wọn, wọn ò ṣẹ̀ mí. Mo bi ọkọ mi, ó ní, "Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ." Mo gbàdúrà, mo sì jókòó jẹ́ẹ́. Mo wá kíyè sí nǹkan kan. Tí mo bá ń ro Holland, ilé yẹn ni mo ń rí. Tí mo bá ń ro àríwá, àwọn ọmọbìnrin inú fídíò tí kíláàbù náà fi ránṣẹ́ sí mi ni mo ń rí, ẹni tó yẹ kó wà níwájú, ẹni tó yẹ kó dúró lẹ́yìn. Mo ti ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé láìmọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Holland, mo fọwọ́ sí ti àríwá.

Tiwa á dúró ti bàbá rẹ̀ títí ìdánwò á fi parí. Èmi á máa wà lọ́hùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ó sì máa rí mi níbí ní Sunday. Ọ̀la ni n ó bẹ̀rẹ̀. N ò mọ̀ bóyá a máa gba ife kankan. Ọkàn mi balẹ̀, ògo ni fún Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà láàárín wa tó ń retí èsì láti ọsibítù, tí kò tíì lè sọ fún ará ilé rẹ̀. N ò ní kí o dìde o. Jókòó, sinmi. Ẹ̀yin tó kù, ẹ dìde, ẹ wá bá mi jó. Tí a bá jó tèmi tán, ẹ jẹ́ ká jó ti ẹni yẹn sílẹ̀ dè é.